Bí A Ṣe Gba Orin Lọ́wọ́ Ìyá Bọ̀sẹ̀

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.

Àdùkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ní dò-rè-mí kó tó mọ ABD,

Ìgbà tí o pè lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gúsí ni mo ń bó fún ìyá rẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí o ti ní, "Bàbá, wọ́n ti gbà mí o! Ilé-iṣẹ́ fíìmù náà ti gbà mí, ẹ̀ka orin ni wọ́n fi mí sí," ariwo tí ìyá rẹ pa pọ̀ débi pé ará ilé kejì sáré wọlé wá béèrè bóyá ejò ni. A dúpẹ́, a jó, a tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀gúsí mi, ọwọ́ mi kò yá mọ́. Ìyá rẹ wò mí títí, ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ kọ̀wé sí ọmọ yìí. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ fún un o. Ẹ má fi apá kan pamọ́." Mo ní ṣebí fóònù wà. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù.

Nítorí náà, ọmọ mi, wá ibi jókòó sí. Bí o bá ti jẹun, ó dára. Bí o kò bá tíì jẹun, lọ jẹun ná, nítorí lẹ́tà yìí gùn, n kò sì ní kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí. Ìwọ náà gbọ́ pé mo ti bá àwọn onífíìmù ṣe pọ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí o mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí yìí gan-an ni mo ṣe fún ọdún mẹ́rin nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Èmi ń wẹ̀yìn wò báyìí kí ìwọ lè rí iwájú.

Ọ̀gá Táyọ̀ ni orúkọ ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́. Ayàwòrán ni tẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìlá níbí. Nígbà tí fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì gbòde, ó ra kámẹ́rà, ó gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó sì pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Àpátarere Fíìmù. Ó mọ ìtàn sọ, ó mọ eré í darí. Orin nìkan ni kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wá bá mi, nítorí èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì sí orin tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí n kò ní lè kọ sílẹ̀ ní dò-rè-mí.

Fún fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, mo fún un ní orin kan tí àwọn akọrin máa ń kọ káàkiri ìlú. Ó bi mí pé, "Tíṣà, ta ló ni orin yìí?"

Mo ní, "Orin ìjọ ni. Kò lólúwa."

Ó tún bi mí, "Ó dá ọ lójú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ni yóò wá béèrè orin?"

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ni a ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn ènìyàn, lọ́sàn-án Sátidé kan. Gbọ̀ngàn kún. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan dìde láàrin èrò. Ó wọ aṣọ òkè àtijọ́, kò sì pariwo rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná." A dá a dúró. Ó ní olórí akọrin ni òun ní ìlú Ìyìn, òun ni òun ṣe orin yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣí ilé ìjọsìn wọn. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò létí mi di òní: "Bí ẹ bá bi mí, ǹ bá fún yín. Ǹ bá tilẹ̀ kó àwọn akọrin mi wá bá yín kọ ọ́."

Ọ̀gá wo ojú mi. Èmi wo ilẹ̀. Gbogbo èrò túká, oṣù mẹ́ta ni fíìmù náà sì fi wà nínú àpótí títí a fi yọ orin náà kúrò, tí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àdùkẹ́, mú èyí ṣe àkọ́kọ́: kò sí orin tí kò lólúwa. Bí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín bá sọ pé "orin gbogbo ayé ni," ohun tó ń sọ ni pé òun kò tíì wá ẹni tó ni ín. Ìwọ wá a. Wọ mọ́tò lọ. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà. Bí o kò bá sì rí i lẹ́yìn tí o ti wá a dé ibi tí wíwá parí sí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé o wá a, kí o sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ olórí akọrin yẹn kọ́ wa láti máa tọrọ. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni Ọ̀gá Táyọ̀ rí kọ́. Ó pè mí ní ọjọ́ Ajé, ó ní, "Tíṣà, ìtìjú yìí kò ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́ láyé. Láti òní lọ, orin tí kò bá jẹ́ tèmi pátápátá kò ní wọ fíìmù mi." Ó ní kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí n wá máa bójú tó orin fún òun. Ọmọdé ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyá rẹ ni. Orúkọ fíìmù ń dùn létí mi ju orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Mo gbà.

Yàrá kejì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni a sọ di Yàrá Orin. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa gun alùpùpù lọ sí ìlú àti abúlé, kí n gbọ́ àwọn tó mọ orin í ṣe, kí n kọ orin náà sílẹ̀, kí n sì gba ọwọ́ wọn sórí ìwé. Tí orin bá ti jáde nínú fíìmù, a ó gbé e sínú kásẹ́ẹ̀tì, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé orin tí ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń rà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo orin náà níbikíbi, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti wá gba àyè. N kò ní purọ́ fún ọ pé iṣẹ́ ibi ni. Orin tí ì bá kú sí ẹ̀yìn àrò ìyá arúgbó kan ní Ìgèdè, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níbi tí n kò dé rí. Inú mi máa ń dùn débi pé mo ń fò lórí alùpùpù. Iṣẹ́ tó dára ni o gbà, ọmọ mi. Ẹ̀bi náà kò sí lára iṣẹ́.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Dọ́káàsì Ọmọ́layọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Àládùúrà ní Ìgèdè, Bọ̀sẹ̀ sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó ń yí kòkó tó sá sórí ẹní níwájú ilé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Kó tó mọ ẹni tí mo jẹ́ ló ti ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o," tó sì bu omi fún mi. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó ní orin kan. Ó tijú díẹ̀ kó tó sọ ìdí orin náà. Ó ní ọkọ òun ṣàìsàn fún oṣù méje kó tó kú, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rù oorun sì ń bà á, ó rò pé bí òun bá di ojú, òun kò ní là á mọ́. Òun wá ṣe orin kékeré kan tí òun ń kọ sí i létí títí yóò fi sùn:

"Bí mo sùn, bá mi ti ilẹ̀kùn,
Bí mo jí, bá mi ṣí i,
Olùṣọ́ tí kì í tòògbé."

Ó kọ ọ́ fún mi níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí kòkó. Orin náà wọ̀ mí lọ́kàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, mo sì yọ ìwé àdéhùn jáde nínú àpò mi.

Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, ojú ewé mẹ́ta. Ó ní, "Tíṣà, kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní, "Màmá, kí olè má baà jí orin yín ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá òótọ́ ni. N kò sọ fún un pé láti ọjọ́ yẹn lọ, orin náà ti di ti Àpátarere títí ayé. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ kàwé, mo gbà yín gbọ́." Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tún di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìn alùpùpù mi.

Àdùkẹ́ mi, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé "mo gbà ọ́ gbọ́," ìgbà yẹn gan-an ni kí o dúró, kí o sì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kà á ní èdè tó fi ń gbàdúrà. Ibi tí kò bá dùn ún gbọ́, ibẹ̀ ni kí o ti rọra kà. Kí o sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún un kó fi han ẹlòmíràn. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ẹni tó ń kánjú gba ọwọ́ sórí ìwé mọ ohun tó ń sá fún.

Fíìmù náà jáde, orin Ìyá Bọ̀sẹ̀ sì gbayì ju fíìmù fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún yẹn ni a bí ọ. Orin yẹn ni ìyá rẹ fi ń wẹ̀ ọ́ láràárọ̀, ìwọ á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú omi. Nígbà tí a tẹ ìwé orin wa, "Láti ọwọ́ Àpátarere Fíìmù" nìkan ni mo kọ sábẹ́ orin náà. Mo sọ fún ara mi pé àyè kò gbà á ni. Ojú ewé yẹn wà níwájú mi níbí bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Àyè tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀ gba orúkọ ènìyàn mẹ́fà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ pé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Àládùúrà ní Ìgèdè fẹ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì fún ìkórè wọn, orin "Bí mo sùn" sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Táyọ̀ ní, "Kọ lẹ́tà sí wọn. Orin wa ni. Wọn kò gbàyè." Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, nítorí mo mọ lẹ́tà í kọ. Mo kọ pé wọn kò gbọdọ̀ gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ ní gbangba níbikíbi láìgba àyè. Mo fi orúkọ mi sí ìdí rẹ̀, mo sì gbé e lọ fúnra mi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn, àwọn akọrin dúró láti fi orin kọ́ra. Wọ́n gbà mí tayọ̀tayọ̀. Olórí wọn ní kí n ka lẹ́tà náà síta kí gbogbo wọn gbọ́. Mo kà á. Ìyá Bọ̀sẹ̀ wà ní ìlà kejì nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé orin tí mo ṣe fún ọkọ mi yẹn náà ni?"

Mo ní, "Òun ni, Màmá."

"Ṣé èmi náà kò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́ ni?"

Mo ká lẹ́tà náà, mo ní, "Ẹ lè máa kọ ọ́ nínú ilé, Màmá."

Ó tẹrí ba díẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè nínú ulé mi."

Mo padà sí Adó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò ó fún ìyá rẹ bó ṣe ń wẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó kàn ń bu omi sí ọ lára, kò kọrin. O ń sunkún. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò kọ orin fún un?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ń dúró de àyè láti ọ́fíìsì yín ni."

Bí ìyá rẹ bá ti bá mi jà, ì bá sàn fún mi.

Mo lọ bá Ọ̀gá Táyọ̀. Mo ní ohun tí a ṣe yìí kò dára. Ó ní, "Ṣé àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀?" Mo ní tirẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún un?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó sì yẹ kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N kò fi í sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé n óò ṣe àtúnṣe láti inú, pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń sọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi, ṣọ́ra fún "n óò ṣe àtúnṣe láti inú." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí o kò tíì tún ohun kan ṣe, o ti di ara ilé.

Nígbà tí a fẹ́ tún ìwé orin náà tẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n tò ó. Mo to orúkọ gbogbo àwọn tó ṣe orin sábẹ́ orin wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ìlú wọn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọjọ́ tí àwọn ìwé náà dé, Ọ̀gá Táyọ̀ ṣí ọ̀kan, ó kà á, ó pa á dé. Ó ní, "Tíṣà, o ti tà mí." Mo ní, "Rárá, Ọ̀gá. Orúkọ wọn nìkan ni mo dá padà." Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ. Mo padà sídìí tíṣà, wọ́n sì gbé mi lọ sí abúlé tó jìnnà. Ibẹ̀ ni o ti kọ́kọ́ mọ ìwé í kà, tí o fi ń bi wá pé kí ló dé tí a kò gbé ní Adó bíi ti àwọn ẹbí yòókù. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Má jẹ́ kí ìtàn náà dùn mọ́ ọ jù níbi yìí, nítorí n kò tíì sọ èyí tó ń dùn mí jù. Inú ìwé ni orúkọ náà padà sí. Lẹ́tà tí mo kà ní Ìgèdè ṣì wà lórí àwọn akọrin yẹn. N kò padà lọ sọ fún wọn pé mo ṣì í kọ. Ojú ń tì mí. Mo máa ń sọ pé n óò lọ ní Àjíǹde, n óò lọ ní Kérésì. Lọ́jọ́ kan ní ìdí ọkọ̀, ẹnìkan láti Ìgèdè sọ fún mi pé Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti kú, wọ́n tilẹ̀ ti sìnkú rẹ̀. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Bí o bá ṣẹ ènìyàn, Àdùkẹ́, kí ìtìjú rẹ má dàgbà ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ṣì lè lé ọ jáde.

Ọdún gorí ọdún. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo pẹlẹbẹ dé, òun náà lọ, fóònù gba gbogbo rẹ̀. Àpátarere kógbá wọlé. Ọ̀gá Táyọ̀ ta kámẹ́rà, ó dá yàrá méjèèjì padà fún onílé. Àpótí irin kan tó kún fún ìwé àdéhùn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. O ti wà ní yunifásítì nígbà tó wá kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó dọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n fẹ́ lo 'Bí mo sùn' nínú fíìmù ńlá kan ní Èkó. Lọ́yà wọn ka ìwé mi, ó ní òun kò fọwọ́ sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí kò kàwé tẹ àtàǹpàkò sí. Ó ní kí n lọ bá ẹbí ẹni tó ṣe orin."

Mo ní, "Ẹ máa lọ nígbà náà, Ọ̀gá."

Ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "N kò mọ ilé wọn. Ìwọ lo máa ń lọ."

A jọ wọ mọ́tò lọ sí Ìgèdè. Bọ̀sẹ̀ ti di ìyálé ilé, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán nínú ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tí a sọ ẹni tí a jẹ́, ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ kọ lẹ́tà." Mo ní èmi ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èérún aṣọ. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò kọ orin yẹn níta mọ́ títí ó fi kú. Bí ó bá wà nínú ilé tó ń kọ ọ́, tí àlejò bá ń bọ̀, ó máa ń dákẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n mú òun."

Mo gbọ́ tí Ọ̀gá Táyọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ọ̀rọ̀ Èkó kò yá Bọ̀sẹ̀ lára. Ó ní kí a tó sọ ohunkóhun nípa fíìmù, kí a lọ ka lẹ́tà mìíràn níwájú àwọn akọrin tí a ka ti àkọ́kọ́ fún. Mo padà wálé, mo jókòó, mo kọ ọ́ ní Yorùbá. Kò ju ìlà márùn-ún lọ. Ó ní orin náà jẹ́ ti Dọ́káàsì Ọmọ́layọ̀, pé a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lẹ́kun, pé a tọrọ àforíjì. Ọ̀gá Táyọ̀ ní òun ni òun máa kà á. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú wọn. Nígbà tó dé orí orúkọ Ìyá Bọ̀sẹ̀, ó na ìwé náà sí mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á tán.

Wọ́n wá ní kí a jọ kọ orin náà. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu: kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ àfi Bọ̀sẹ̀ àti ìyá àgbà méjì. Kásẹ́ẹ̀tì ti parẹ́, àwọn ọ̀dọ́ kò gbọ́ ọ rí. Mo ṣí ìwé orin wa, mo ń fi dò-rè-mí kọ́ wọn. A kò tíì dé ìlà kẹta tí Bọ̀sẹ̀ fi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, kì í ròkè níbẹ̀. Ńṣe ni ìyá mi máa ń mú un wálẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn." Ó kọ ọ́. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, mo ń kánjú yọ ìwé àdéhùn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ lódì. Gbogbo ọdún tí a fi ń sọ pé tiwa ni, a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí o bá ti kọ orin ẹlòmíràn sílẹ̀, jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Jẹ́ kó tún un ṣe. Má tijú.

Bọ̀sẹ̀ gba ìwé àdéhùn tuntun fún fíìmù Èkó náà lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó fi han ẹbí, ó fi han pásítọ̀, ó sì fa igi lé gbólóhùn méjì. A yọ wọ́n. Ó wá buwọ́ lù ú. Ǹjẹ́ o rántí fíìmù kan tí a jọ wò nínú pálọ̀ nígbà tí o wá fún ìsinmi, tí mo ṣàdédé dìde dúró nígbà tí orúkọ ń kọjá ní ìparí, tí o bi mí pé, "Bàbá, ṣé iná fẹ́ lọ ni?" Orúkọ tó ń kọjá nígbà yẹn ni "Dọ́káàsì Ọmọ́layọ̀, Ìgèdè-Èkìtì." Mo ní kí o jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ mi. Dárí jì mí.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kù. Máa kí àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì yín. Má jẹ́ kí wọ́n fi ohùn Èkìtì rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí o fi máa gé e kúrò. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, bá wọn rẹ́rìn-ín, kí o sì máa sọ ọ́ lọ. Ìyá rẹ ní kí o má máa sùn láìjẹun. Ó di ẹ̀gúsí náà sínú ọ̀rá fún ọ, ọmọ àǹtí rẹ ni yóò gbé e wá. Èmi ni mo bó o, nítorí náà bí o bá rí èèpo nínú rẹ̀, mọ ẹni tí o máa dá lẹ́bi.

Bí ọ̀gá rẹ bá gbé ìwé kan fún ọ tí ọkàn rẹ kò bá gbà, sọ ọ́ fún un lójú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ náà. Bí ó bá lé ọ, yàrá rẹ wà níbí, a kò tíì gbé ẹnikẹ́ni sí i. Kí Ọlọ́run tó fún ọ ní etí tó mọ orin fún ọ ní ojú tó ń rí olórin.

Lẹ́tà méjì ni mo kọ sí àwọn akọrin Ìgèdè, àtàkọ́kọ́ àtìkejì, orúkọ mi sì wà lórí méjèèjì. Bọ̀sẹ̀ fi gíláàsì bo ìkejì, ó gbé e kọ́ ara ògiri ilé ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àkọ́kọ́ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbà. Bí o bá dé ibẹ̀, ka méjèèjì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.